Ahá Tí A Dojú Rẹ̀ Dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń mutí nínú ìgò lónìí, tí ẹ̀rọ ti bá yín pọn ọn, tí ẹ̀rọ sì tún bá yín dé e, ẹ ò lè mọ irú ojú tí a máa ń fi wo àlejò ní Gbé-Tìẹ-Wá. Mi ò bá yín wí. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn yín. Ẹ ṣáà farabalẹ̀, mi ò kánjú, kí ẹ̀yin náà má kánjú.

Gbé-Tìẹ-Wá ni a ń pe ìjókòó kan tó máa ń wáyé ní Ìgàndò nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, tí ọtí bíà di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò lókèèrè tó ń gbé itọ́ mì. Ọ̀sán Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni, nínú ọgbà bàbá onílẹ̀ kan, lábẹ́ igi mángòrò mẹ́ta tí ẹ̀ka wọn ti wọnú ara wọn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe rí: kálukú á gbé tiẹ̀ wá, gbogbo wa á jọ tọ́ ọ wò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá pọn kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹmu ọ̀pẹ ń wá, ògùrọ̀ ń wá, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo pọn ń wá, àgàdàngídì tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ṣe ń wá, ọtí ọkà bàbà tí àwọn ará Òkè Ọya kọ́ wa náà kì í gbẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń ti Ìkòtún wá, wọ́n ń ti Ẹ̀gbẹ́dá wá, wọ́n ń ti Ìjẹ̀gùn gba inú ẹrẹ̀ wá. Bí ọgbà bá kún, ẹni tó jókòó sábẹ́ igi àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ irọ́ tí ẹni tó wà lábẹ́ igi kẹta ń pa.

Ọ̀pọ̀ àwọn àlejò yẹn, kí n sọ òótọ́, wọn ò wúlò. Ọ̀kan wá láti Gowon Estate, ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó wa mọ́tò wọ àárín wa títí dé ìdí igi, ó ṣí búùtù, ó gbé páálí bíà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó kó oògùn wá fún aláìsàn. Kò sẹ́ni tó bú u. Bàbá onílẹ̀ kàn ní kí wọ́n bá a gbé e sínú oòrùn, kí òtútù má baà mú un.

Òmíràn á gba ahá, ìyẹn igbá kékeré tí a fi ń mutí, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Á di ojú, á máa fi imú fa òórùn rẹ̀, á máa fì í sọ́tùn-ún sósì, á ní òun ń gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ lókèèrè. Ọsàn wẹ́wẹ́ wo? Ẹmu ni. Ara ọ̀pẹ ló ti jáde, ọ̀pẹ ọ̀hún wà lẹ́bàá odò ní Ìjẹ̀gùn, kò sí igi ọsàn kankan tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó tún burú ju ìyẹn lọ ni àwọn tó ń da odindi ahá sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń mu àgbo ibà, tí wọ́n á wá na ọwọ́ fún òmíràn nígbà tí agbọ́tí kò tíì dé igi kejì.

Bẹ́ẹ̀ ìwà ibẹ̀ kò le. Agbọ́tí á bu díẹ̀ fún ọ, wàá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wàá tọ́ ọ wò, wàá dákẹ́. O ò ní yin tìẹ, o ò sì ní bèèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì títí kẹ́ẹ̀gì á fi yí gbogbo èèyàn ká. Tó bá kan kẹ́ẹ̀gì tìẹ, ìwọ lo máa kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ìwọ náà lo máa mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá bomi là á lè fi ọ̀fun ara rẹ̀ jẹ́rìí. Ọtí tí ẹlòmíràn sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á nù. Èyí ni wọ́n mú le jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọtí ń kan ilẹ̀ ní Gbé-Tìẹ-Wá: Bàbá onílẹ̀ fúnra wọn á ta díẹ̀ sílẹ̀ nínú tiwọn níbẹ̀rẹ̀ ìjókòó, wọ́n á kí àwọn baba wọn, ó tán.

Ẹni tí kò bá ń mutí ńkọ́? Ìyẹn ló rọrùn jù. Kó dojú ahá rẹ̀ dé sórí orúnkún. Agbọ́tí á rí i, á fò ó, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ìdí. Alhaji kan wà tó jẹ́ télọ̀ ní Ìkòtún, kì í pa ìjókòó kankan jẹ. Ahá rẹ̀ kò kọjú sókè rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sí ìgbín tàbí ẹran ìgbẹ́ tó kọjá níwájú rẹ̀ ní àlàáfíà. Bàbá ìjọ Áńgílíkà kan náà a máa dojú tiẹ̀ dé ní gbogbo ìgbà Lẹ́ńtì. Tí Àjíǹde bá dé, á yí i padà, á sì mu ti oṣù tó kọjá mọ́ ọn.

Ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí. Ṣé ó wá le débi tí àgbàlagbà ọkùnrin kò fi ní lè ṣe é? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò ìyàwó mi fún yín.

Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹjà, ó háyà yàrá kan nítòsí Gowon Estate. Ọmọ Èkìtì bíi tiwa ni. Ó ti di àtúnbí, ó ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin Bàbá onílẹ̀ Gbé-Tìẹ-Wá. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ràn rẹ̀, mi ò mọ ohun tó rí. Ìyá òun àti ìyàwó mi ní Èkìtì ti ń ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Gbogbo nǹkan ti tò tán, ó ku kí Bàbá ní kí a wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá wá ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọmọ wọn pé àwọn kì í bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ ìyàwó nínú pálọ̀. Kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn ní Gbé-Tìẹ-Wá ná. Bó bá jókòó ire, kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Bí kò bá jókòó ire, kó máa lọ síbi tó ti ń bọ̀.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi wí fún mi, "ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ẹ mú un dání, ẹ má jẹ́ kó lọ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ tó máa ṣe, ilé ni á ti gbé e lọ."

"Àbúrò mi lẹ ń pè bẹ́ẹ̀."

"Mo ṣáà ti ní màá mú un dání."

Ní ọjọ́ Sátidé ọ̀hún, ó yọ sí wa ní Ìkòtún. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Nínú oòrùn yẹn. Ó so táì mọ́ ọn lọ́rùn, òógùn ti fi àpá sí i lẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lọ gbà lọ́wọ́ adẹ́mu ní Ìjẹ̀gùn láàárọ̀, ó fi ewé dí i lẹ́nu. Ó ń gbé e jìnnà sí ara bí ẹni tó gbé ejò.

A wọ kábúkábú ní ojú ọ̀nà Ìgàndò. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ to gbogbo ìwà ibẹ̀ fún un, bí mo ṣe tò ó fún yín yìí. Mo wá bi í léèrè.

"Ṣé wàá mu ún ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti fayé mi fún Jésù."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bi ẹ́ nìyẹn. Bó o bá ti jókòó báyìí, dojú ahá ẹ dé sórí orúnkún. Ó parí."

"Níwájú bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ ṣòkòtò. "Wọ́n á ní mo kọ ọtí wọn. Ọtí yẹn ni wọ́n fi ń gbé ayé, ẹ̀gbọ́n. Màá ta ọgbọ́n sí i."

"Ọgbọ́n wo?"

"Ẹ̀mí á darí mi."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ohun tó jọ pé ẹnikẹ́ni ń darí ẹ̀. Awakọ̀ náà wo ẹ̀yìn nínú dígí.

Nígbà tí a dé, Bàbá ti wà lórí àga gbọọrọ wọn ní ìdí igi àkọ́kọ́, pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù.

"Dìde, dìde," Bàbá wí. "Aṣọ ẹ á dọ̀tí. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ire ni ká máa rí. Jókòó."

Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò mángòrò kan tó yọ síta. Wọ́n fún un ní ahá. Èmi náà jókòó sọ́ọ̀kán rẹ̀. Bàbá ta tiwọn sílẹ̀, wọ́n kí àwọn baba wọn, agbọ́tí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sì jẹ́ àṣà wa pé kẹ́ẹ̀gì àlejò ni a ń kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ̀rù lè tètè kúrò lára rẹ̀.

"Àlejò wa, ẹ wá fẹnu kàn án," agbọ́tí wí, ó bu ahá kún fún un.

Ó dìde. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo inú ahá, ó wá wò mí. Mo fi ọwọ́ lu orúnkún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kó ṣáà sọ pé òun kì í mu, kó ní kí èmi bá òun fẹnu kàn án, kó jókòó, kó dojú ahá dé. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Ó gbójú kúrò.

Ó wá tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilẹ̀ yìí, tiyín rèé." Ó da odindi ahá sí ìdí gbòǹgbò.

Bàbá arúgbó kan láti Ẹ̀gbẹ́dá, tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ ta nìyí? Gbogbo àwọn tó ń ti òkè wá gba ilé lọ́wọ́ wa, mi ò tíì rí èyí tó rántí onílẹ̀ rí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtúnbí, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, tó ti sun gbogbo ohun tó ní ewé lára nínú ẹrù bàbá rẹ̀ ní Èkìtì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pé ó mọ ìṣe. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó rò pé Ẹ̀mí ti darí òun.

Bàbá onílẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n ń fi ìka họ àgbọ̀n.

Ẹni tó bá ti wọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣé ó tún lè padà? Agbọ́tí bu ògùrọ̀ fún un, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi fún àwọn tó ni odò. Wọ́n bu ọtí ọkà bàbà fún un, ó fi fún àwọn tó ni ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ta ni á sọ láàárín àwùjọ pé kí àwọn baba ńlá má mu? Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í da ọtí ẹlòmíràn nù, àmọ́ ó ti rí òkú fi bojú. Nígbà tó yá, àwọn òkú tó lè rántí tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin mángòrò yìí," ó wí, ó tẹ̀, "tiyín rèé."

"Èmi ni mo gbin mángòrò yẹn," Bàbá wí láti orí àga wọn.

Ó dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Kí ẹ̀mí yín gùn, sà."

"Àmín. Àmọ́ o ti dà á."

Obìnrin kan wà tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìjẹ̀gùn. Àgbàdo rẹ̀ á hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ á pọ́n fún èéfín. Nígbà tí tirẹ̀ náà balẹ̀ sí ìdí gbòǹgbò, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ.

"Bọ̀ọ̀dá," ó wí, "àwọn òkú yẹn ò tíì yó ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n pọ̀."

"Mo rí i. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ó kan."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ọtí ti gbá jọ sínú kòtò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ Bàbá, tí kì í rí omi fojú fò ó, ti dé ìdí rẹ̀. Wọ́n ń ti ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n ń gbé ọrùn sókè. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba ẹ̀gbẹ́. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Alhaji télọ̀, ó jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé ẹyẹ yìí kúrò lára mi," Alhaji wí, ahá rẹ̀ kò kúrò lórí orúnkún. "Ó ti mutí. Kó má ba àlùwàlá mi jẹ́."

Bàbá wo pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n wo kòtò, wọ́n wo bàtà àlejò tó ti rin fún ọtí. Wọ́n dìde. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan jáde, èyí tí kì í jáde bí kò bá sí ohun pàtàkì. Àgàdàngídì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pọn ló wà nínú rẹ̀. Nínú àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ pàápàá, àwọn kan kò tíì tọ́ ọ wò rí. Wọ́n kò fún agbọ́tí. Àwọn fúnra wọn ló bu ú sínú ahá àbúrò ìyàwó mi.

"Èyí, èmi ni mo pọn ọ́n," wọ́n wí.

Ní àkókò yẹn ni ọmọbìnrin wọn yọ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àwo ìgbín tí wọ́n fi ata dín. Ó ti di gèlè kékeré, ó ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó rí i bó ṣe gbé ahá sókè. Mo tún lu orúnkún mi, mo lù ú débi tó fi dún. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilẹ̀ yìí..." Ó dà á. Ó da gbogbo rẹ̀.

"Bùrọ́dà," ọmọbìnrin náà wí, "ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Kò lè nàró. "Àwọn... àwọn baba ńlá ni."

"Ti ta ni? Tiyín wà ní Èkìtì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà gbé àwo ìgbín sílẹ̀ níwájú Alhaji, ó padà sẹ́yìnkùlé. Bàbá jókòó padà sórí àga wọn, wọ́n gbé ìkòkò lé itan.

"Wò ó," wọ́n wí, wọn ò gbé ohùn sókè rárá. "Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ ló ti sọ fún mi pé o kì í mutí. Òun gan-an kì í mu. Láti kékeré ló ti ń jókòó síbí yìí, tó ń dojú ahá ẹ̀ dé. Mi ò pè ẹ́ wá mutí. Mo fẹ́ wo ibi tó o máa gbé ahá rẹ sí ni. Ṣé wọn ò sọ fún ẹ bí a ṣe ń ṣe é ni?"

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń bi í. Mo gbà pé á fi mí ṣe àwáwí.

"Wọ́n sọ fún mi, sà," ó wí.

"Ó dáa. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu ẹ jáde látàárọ̀ nìyẹn." Wọ́n nu ẹnu ìkòkò pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀rù mi bà ẹ́, o wá lọ sá pamọ́ sẹ́yìn bàbá mi. Bàbá mi ò mọ̀ ẹ́ rí. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le láàárín ìwọ àti ọmọ mi, ta lo máa tún lọ sá sẹ́yìn ẹ̀? Má tíì kó àwọn èèyàn ẹ wá. Gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ìwọ lo ni ín."

Ẹ ò rí i bí kẹ́ẹ̀gì tó ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan ṣe lè wúwo tó. A rìn títí dé ojú títì. Inú ọkọ̀ ló ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́." Mo ní kó máa wo ìta.

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Kí ló dé tí kò kàn sọ pé òun ò mu?"

"Bi í."

"Ó ní ẹ̀yin lẹ ò tẹnu mọ́ ọn."

Mo lu orúnkún mi níwájú rẹ̀ bí mo ṣe lù ú lọ́jọ́ yẹn. Pupa rẹ̀ ò tíì lọ.

Oṣù yẹn gùn fún un. Ọmọbìnrin náà kò bá a rìn padà láti ibi ìdánrawò orin mọ́. Ó sọ fún un ní tààrà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì pé òun lè fara da ọkọ tí kò lówó, àmọ́ èyí tí bàbá òun á máa dẹ́rù bà bẹ́ẹ̀, ilé wo ni wọ́n á jọ gbé? Àbúrò ìyàwó mi wá bá mi ní Ìkòtún, ó sọ ọ́ fún mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo fún un ní oúnjẹ. Mi ò fún un ní ìmọ̀ràn kankan, torí èyí tí mo ti fún un tẹ́lẹ̀ kò tíì lò ó.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù dé. Mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo rí i tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Kò sí kóòtù. Bùbá lásán ló wọ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan léjìká. Ó kí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Agbọ́tí ṣí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó fi imú kàn án, ó wo Bàbá.

"Omi ni," agbọ́tí wí.

"Omi kànga ni, sà," àbúrò ìyàwó mi wí. "Láti fi ṣan ahá. Mi ò lè wá lọ́wọ́ òfo, mi ò sì mọ ọtí pọn. Mi ò mutí, sà."

Omi. Ó gbé omi láti Gowon Estate wá sí Ìgàndò, níbi tí kànga Bàbá wà lójú wa kòrókòró. Obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bo ẹnu. Àmọ́ òfin ni òfin, agbọ́tí bu ú fún un, ó fẹnu kàn án lójú gbogbo èèyàn, ó mu ún tán. Ó wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò yẹn, ó dojú ahá rẹ̀ dé sórí orúnkún, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e lọ.

Ẹmu kọjá. Ògùrọ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Alhaji sún mọ́ ọn, ó ti ìgbín sí i. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wá wo kòtò, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Bàbá dìde, wọ́n ń kiri wo àwọn èèyàn bí ìṣe wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ìka kan ìdí ahá náà, kó, kó.

"O jókòó ire," wọ́n wí. "Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ ara wọn nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ má bi mí bí ìgbàlejò ibẹ̀ ṣe rí. Mínírà ni wọ́n gbé fún èèyàn, omi ṣúgà tí wọ́n pa láwọ̀ ọsàn, tútù rẹ̀ kò tiẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun. Àwa àgbà Gbé-Tìẹ-Wá tẹ̀lé Bàbá wá, a jókòó sí tábìlì kan. Ọmọbìnrin kan tó fi ríbọ́ọ̀nù sáyà gbé ìgò wá síwájú wa. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò agbádá wọn, wọ́n mú ahá wọn jáde, wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Alhaji ṣe tirẹ̀, obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mú tirẹ̀ láti inú báàgì. Ó tò bẹ́ẹ̀ láti òpin tábìlì kan dé èkejì.

"Bàbá, ẹ ò ní mu nǹkan ni?" ọmọbìnrin náà bi wọ́n.

"A kì í mu ún, ìyá mi. Ẹ ṣeun."

Ó wò wá, kò mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ tún bèèrè. Ọkọ ìyàwó ló dé ẹ̀yìn rẹ̀, nínú kóòtù dúdú kan náà. Ó wo gbogbo ahá náà lẹ́sẹẹsẹ. Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn mú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Fò wọ́n," ó wí, "gbé ìrẹsì wá fún wọn."

Lónìí, tí ẹ bá débi tó wà, á sọ fún yín pé òun kò fi ìgbàgbọ́ òun bò rí níwájú àna òun, pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lòun ti dojú ahá dé. Ó ti ń fi ṣe ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa wo ilẹ̀. Èmi náà ti jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́. Mo na ọwọ́, mo dojú ife tó wà níwájú mi dé.